Ẹ Gbé Bàbá Mi Sílẹ̀

Àpèkẹ́ Ògúnjìnmí ló rán gbogbo aṣọ tí ẹgbẹ́ òṣèré Fáṣínà wọ̀ lọ́dún 1979. Alákijà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, létí títì. Bí Olúgbóyèga Fáṣínà, ọ̀gá àwọn òṣèré náà, bá ti wá wo iṣẹ́, á fìdí lé àpótí, á máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà mọ béèyàn ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àpèkẹ́ ṣe sọ ti bàbá rẹ̀ fún un: bí katapílà ṣe wá palẹ̀ oko wọn mọ́ kí wọ́n lè kọ́lé sí Fẹ́sítáàkì, tí bàbá ká ẹní, tó lọ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá Àpèkẹ́ láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi gbé e kúrò tẹní tẹní. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tó fi kú sínú yàrá àháyà ní Abúlé Adó.

Fáṣínà mi orí. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí wúwo o."

Kò sọ pé òun máa fi ṣeré.

Eré tuntun náà kì í ṣe irú èyí téèyàn ń jókòó wò. Wọ́n gba ilé kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó sí ní Fẹ́sítáàkì. Òǹwòran á máa tẹ̀ lé òṣèré láti yàrá dé yàrá, á máa dá sí ọ̀rọ̀ wọn, á bá wọn jẹun nílé ìdáná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn ìyàwó wọn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tààrà, ilé kún fọ́fọ́. Àpèkẹ́ náà ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ń dùn, torí ibi yòówù tó bá yíjú sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rí.

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àmúsà, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré kan, ti da pàúdà sórí kó lè dà bí arúgbó. Ó jókòó sórí ẹní, ìgò ògógóró lọ́wọ́, ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó dì mọ́ òkìtì iyanrìn kan tí wọ́n mọ bíi sàréè, ó ń pariwo: "Ìyàwó mi, dìde, wá bu ọtí sí i fún mi!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Fáṣínà bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin ará, katapílà ti dé o! Ta ló máa bá wa gbé ọ̀mùtí yìí kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀?"

Ọkùnrin mẹ́rin tó wọ kóòtù jáde tẹ̀rín tẹ̀rín. Wọ́n gbé Àmúsà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Àpèkẹ́ já wọ àárín wọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré. "Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n ṣe o," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Mo ní ẹ gbé bàbá mi sílẹ̀! Ta ni ọ̀mùtí? Bàbá mi ò fẹnu kan ọtí rí. Ìyá mi ló wà nínú sàréè tí ẹ fi ń ṣẹ̀sín. Ilẹ̀ onílẹ̀? Ta ni onílẹ̀ ọ̀hún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lánàá yìí?"

Àtẹ́wọ́ dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé Àmúsà sílẹ̀. Fáṣínà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí Àpèkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, eré ni."

"Bọ̀dá Fáṣínà, ẹ jókòó" ni Àpèkẹ́ máa ń wí fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ náà, ó yọ "ẹ" kúrò níbẹ̀. "Ìwọ! Mo sọ ọ́ fún ọ torí mo rò pé èèyàn ni ọ́."

Àmúsà dìde nílẹ̀. Ó bọ́ dàńṣíkí ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àpèkẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Wọn ò sọ fún mi pé ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan." Kò bá wọn ṣeré mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fáṣínà dé ṣọ́ọ̀bù. Àpèkẹ́ rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀.

"Àwọn èèyàn ń béèrè yín," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá lọ́jọọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ máa ké bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Àpèkẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí máṣíìnì. "Ṣé wàá yọ ìgò ọtí yẹn? Ṣé ẹ ò ní gbé bàbá mọ́?"

"Àǹtí, ibẹ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù."

Igi ìwọnṣọ ni Àpèkẹ́ fi lé e dé títì.

Lọ́sẹ̀ náà, Fáṣínà wá òṣèré mìíràn dípò Àmúsà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Àpèkẹ́ kò wọlé mọ́. Ẹnu géètì ló dúró sí. Ó ń dá ẹni kọ̀ọ̀kan dúró, ó ń sọ fún wọn pé Ọ̀jẹ̀túndé Ògúnjìnmí lorúkọ bàbá òun, ó ń sọ ohun tó ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹlòmíì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹlòmíì kò wojú rẹ̀ tó fi wọlé. Tọkọtaya kan ya tíkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n padà sílé, àwọn mélòó kan tẹ̀ lé wọn.

Síbẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìnkùlé. Kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni. Kò lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú márùn-ún gbáko ló fi dúró sẹ́nu géètì yẹn, títí Fáṣínà fi kẹ́rù rẹ̀ kúrò nínú ilé náà, tí ọkùnrin náà kò sì lè wo ojú Àpèkẹ́ bó ṣe ń kọjá.