Ojú-Àṣá Kì Í Wọ Reluwé

"Kí èmi, èmi Ojú-Àṣá, lọ jókòó sínú reluwé bí àpò sìmẹ́ńtì, kí ẹlòmíì máa gbé mi lọ? Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí o!"

Ohùn bàbá náà gba gbogbo ilé, ó tún gba ojú fèrèsé jáde, àwọn tó ń kọjá lọ sì ń gbójú sókè wò. Ó na ìka sí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò lórí ẹní. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ elérò láti ìlú dé ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ojú-Àṣá, torí pé láyé ìgbà náà, bí kòtò bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, á ti rí i kí kòtò náà tó mọ̀ pé kòtò lòun.

"Àpò sìmẹ́ńtì kì í pariwo báyìí," ni ìyàwó rẹ̀ fi dá a lóhùn. Aránṣọ ni. Ó ń fi eyín já òwú, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ máa jókòó, ẹ máa na ẹsẹ̀ yín, kò sí tírélà tó máa gbá wa létí. Ẹ kàn máa wo igbó lọ ni. Àbí kí ló burú nínú kéèyàn wo igbó?"

 Igbó tí obìnrin yìí dárúkọ, àwọn méjèèjì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ọmọbìnrin wọn ló gba ọ̀rọ̀ náà fún un. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí, ọmọ tuntun wà léjìká rẹ̀. Tíṣà ni wọ́n ń pè é nílé, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nílùú tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wá bímọ sí. Òní ló ń padà, àwọn òbí rẹ̀ ló sì fẹ́ sin ín lọ.

"Màmá, ẹ fi Bàbá lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, epo wà nínú ẹ̀. Tọ́mọ bá ń sunkún, a dúró, mo fún un lọ́mú. Ṣé reluwé máa dúró dè mí ni? Ká tún wá sọ̀kalẹ̀ tán, ká máa kó bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti báàgì ọmọ wá ọkọ̀ kiri!"

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi," Ojú-Àṣá ní. "Bá mi sọ fún un."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń kó àárẹ̀ bá Bàbá lójú ọ̀nà, Màmá. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ọkọ̀, ẹ ò ní sinmi ẹnu, bíi rédíò tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti já."

Rédíò! Ọ̀rọ̀ náà gún aránṣọ bí abẹ́rẹ́ tó wọ abẹ́ èékánná. Kí ọmọ yìí tiẹ̀ mọ̀ ni.

Ohun tí ọmọ kò mọ̀, tí aládùúgbò kò sì fura sí, ni pé Ojú-Àṣá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Dókítà ojú kò fi bò fún tọkọtaya náà: ojú yìí ń kú lọ, kò sí oògùn tó lè jí i, kí bàbá jọ̀wọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bàbá náà sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kó búra pé àwọn ọmọ kò ní gbọ́. Obìnrin náà búra. Ká ní ìyẹn nìkan ló ṣe, à bá ní kò burú. Ó tún yá ọkọ rẹ̀ ní ojú tirẹ̀.

Àwọn méjèèjì dá èdè kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí aránṣọ bá ń bú àbúrò ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ níwájú nìyẹn. Bó bá ké pé ẹ̀yìn ń dun òun, kòtò ni. "Bàbá yín ò gbọ́ràn" ni kó yà sọ́tùn-ún. "Ìyà ń jẹ ìyá yín" ni kó yà sósì. Bó bá wá ń ki ọkọ rẹ̀, ọ̀nà mọ́ tónítóní, kí bàbá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú-Àṣá á sì máa yí síárìn bí ọ̀gá. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn á ní, áà, obìnrin yìí mà lẹ́nu o, bàbá yìí mà ní sùúrù!

Fún ìrìn ìgboro, wọ́n ti ń rí i ṣe. Bó bá jẹ́ ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ni, aránṣọ ti fi í tọrẹ fún ìgbéraga ọkọ rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jáde láti ìlú dé ìlú, níbi tí tírélà ti ń sáré bí ẹni tí olóòlà ń lé? Ẹnu wo ló fẹ́ fi ka ìyẹn tán? Tòun ti ọmọ tuntun lẹ́yìn ọkọ̀?

"Mo ní reluwé la máa wọ̀," ó ní, ó sì dìde dúró. "Ọmọ yìí ò ní wọ ọkọ̀ yẹn. Tí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni, kó lọ bínú sínú agolo, kó dé e."

"Kí ló dé gan-an, Màmá?" Tíṣà béèrè. "Ẹ sọ ìdí kan. Ìdí kan péré."

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Bàbá náà yíjú sí ògiri. Ìbúra jókòó sórí ahọ́n obìnrin náà, ó wúwo bí irin ìlọṣọ.

"Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí," Tíṣà ní. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi tẹ́tẹ́ yanjú ẹ̀. Bàbá máa wà wá yí àdúgbò yìí ká. Tí Màmá bá lè pa ẹnu mọ́ títí a ó fi padà délé, gbogbo wa la máa wọ reluwé, mi ò ní jiyàn mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré, bẹ́nu yín bá fi yọ ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wọ reluwé yín. Àwa ń bá Bàbá lọ."

Aránṣọ rò pé ọkọ òun á kọ̀. Ṣebí ó mọ ohun tí ẹnu yìí ń ṣe fún un? Àfi bó ṣe gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún wọ̀nranwọ̀nran lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," Ojú-Àṣá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Gbé ọmọ yẹn fún ìyá ilé kejì ná," aránṣọ sọ fún Tíṣà. Bí Tíṣà ṣe jáde, ó fa ọkọ rẹ̀ láṣọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò rántí "ẹ" mọ́. "Sọ fún un. Ìwọ fúnra rẹ, fi ẹnu ara rẹ sọ fún un, má jẹ̀ẹ́ kó burú jù báyìí."

"Ìwọ lo búra, kì í ṣe èmi," ó dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àdúgbò yìí, tí mo bá ń sùn, mo lè wà á."

Kò parọ́. Ó jáde lẹ́nu géètì, ó yà sósì wẹ́rẹ́. Òórùn búrẹ́dì látọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ló fi mọ ìkòríta àkọ́kọ́, ariwo irin lọ́dọ̀ àwọn jórinjórin ló fi mọ ìkejì. Aránṣọ di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú. Ó ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ.

"Màmá ń gbìyànjú o!" Tíṣà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. "Ẹ ṣọ́ra, ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ bẹ́ yín nínú."

Kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, díńgí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ha á lára. Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ rọra." Ojú-Àṣá kàn fi ẹ̀rín gbé e. Àyà aránṣọ ń lù kìkì bí ẹ̀rọ tó ń rán aṣọ tó nípọn. Ó ku ìyànà kan. Ó ku òpópónà tiwọn. Ọ̀nà náà gùn, ó tẹ́jú, bàbá náà mọ̀ pé ilé ti dé. Ó fẹ́ fi wọlé bí ọ̀gá. Ó tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Arúgbó obìnrin kan, tó ti tẹ̀ bí dòjé, tó da ìborùn eléérú bora, sọ̀kalẹ̀ sójú títì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Aránṣọ rí i. Ó wo ọkọ rẹ̀; ẹsẹ̀ bàbá náà kò kúrò níbi tó wà. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ọmọ tuntun ń bá ọkùnrin yìí lọ sójú ọ̀nà tírélà. Bí òun kò bá sọ̀rọ̀...

"Dúró!"

Bíréèkì ké. Gbogbo wọn fì síwájú. Ọkọ̀ dúró, ó ku díẹ̀ kó kan arúgbó náà níkùn. Arúgbó náà dúró gbagidi, ó ń mí lókèlókè.

Ojú-Àṣá fi ọwọ́ lu síárìn, ayọ̀ bò ó. "Ó sọ̀rọ̀! Tíṣà, ṣé o gbọ́? Mo ní kò lè mú un jẹ! Ó tán, lọ gbé ọmọ rẹ wá, ká máa lọ."

Tíṣà di ẹ̀yìn ìjókòó bàbá rẹ̀ mú.

"Àbí o ò gbọ́ ni?"

"Bàbá." Ohùn ọmọbìnrin náà ti rẹlẹ̀ jọjọ. Ó ti sún síwájú láàrin ìjókòó méjèèjì, ó ń wo arúgbó náà, ó sì ń wo ojú bàbá rẹ̀. "Kí ló wà níwájú wa yẹn?"

Bàbá náà na ọrùn. Ó pa ojú dé díẹ̀, ó tún là á. Ó wá dẹ etí sápá ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń retí kí obìnrin náà bú ẹnìkan fóun, kó ní nǹkan kan ń dun òun, kó sáà sọ nǹkan.

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́.

"Ajá ni," Ojú-Àṣá ní. "Ajá burúkú ojúlé kẹta yẹn ni. Ó máa kúrò."

Arúgbó náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ là á mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ gbàù.