Gìgísẹ̀ Tó Jẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ èèyàn. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń rán bàtà, ojú mi kì í sì í kọ́kọ́ wo ojú àlejò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Bí bàtà rẹ bá jẹ bákan náà lọ́tùn-ún lósì, mo gbà pé ọkàn rẹ balẹ̀. Bó bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa ń ṣọ́ra fún ọ. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí ẹ̀. Ìmọ̀ yìí ló kó bá mi.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ìyá mi ni mo ń pè é láti kékeré, torí ojú ìyá tó bí mi ló gbé wá sáyé. Ọjọ́ tó mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wá sílé, ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ kí mi, ó jókòó, ó rọra ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Èmi ń wo bàtà ẹ̀. Tòsì dúró ṣánṣán. Gìgísẹ̀ tọ̀tún ti jẹ lọ lẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá mi, ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí kì í gbélé. Oníbékebèke ni." Ojú ọkùnrin náà ni mo ti sọ ọ́. Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ò ṣeé kó nílẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ní òun á fẹ́ ẹ. Mo ní tó bá fẹ́ ẹ, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ó fẹ́ ẹ, kò sì tẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

Mo ti gbẹ́ igi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún bàtà ìgbéyàwó ẹ̀ kí ìjà tó dé. Igi yẹn la máa ń na awọ lé lórí kó lè gba ìrísí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín. Orí pẹpẹ ló wà, mi ò fi rán nǹkan kan.

Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí. "Baálé mi, à ń fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à ń fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yín dà?"

Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni mo wà nígbà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù dé. Ìtàn ọmọ òrukàn tó sá kúrò lágbo ijó láàfin, tí bàtà ẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, tí ọmọ ọba wá fi bàtà náà wá a láti ilé dé ilé, ni wọ́n fẹ́ sọ di fíìmù ìfẹ́ ayé àtijọ́. Olùdarí wọn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í jókòó, ní òun ò fẹ́ bàtà ọjà, awọ funfun tí wọ́n fọwọ́ rán lòun fẹ́. Ó fún mi ní bébà tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ òṣèrébìnrin tó máa wọ bàtà náà sí. Mi ò bi í pé ta ló júwe mi.

Àwọn igi ẹsẹ̀ mi ò ní orúkọ lára, ọwọ́ ni mo fi ń dá wọn mọ̀, torí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo nawọ́, mo mú ọ̀kan wálẹ̀, mo fi okùn wọ̀n ọ́n, gígùn ẹ̀ bá ti bébà mu. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ mi ti mọ igi tó dì mú. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo sọ fún ara mi pé gígùn kan náà ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo ti kó bàtà fún wọn, wọ́n fi mọ́tò wá mi. Bàtà ò bá ẹsẹ̀ òṣèré mu. Iwájú ni mo jókòó sí, ojú mi sì lọ síbi tó máa ń lọ. Bàtà òsì dẹ́rẹ́bà dúró ṣánṣán. Gìgísẹ̀ tọ̀tún ti jẹ lọ lẹ́yìn.

"Dẹ́rẹ́bà, kí ló jẹ bàtà ẹ báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ ni o. Bá a bá tẹná, bá a bá tẹ bíréèkì, orí gìgísẹ̀ ọ̀tún náà là ń yí. Dẹ́rẹ́bà wo ni tiẹ̀ kì í jẹ?"

Iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ni ọkọ ọmọ mi náà ń ṣe. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó wá kí mi, bàtà ni mò ń wò, mi ò gbọ́. Ojú tì mí. Ọdún mẹ́fà ti bá gìgísẹ̀ bàtà lọ.

Ilé ńlá àtijọ́ kan ni wọ́n yá, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òṣèré wọnú bàtà, àmọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ga tó, bàtà ń yọ̀. Olùdarí ní ẹsẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà máa wò, kí wọ́n wá ẹsẹ̀ mìíràn kíá. Ni wọ́n bá ń gbé bàtà kiri lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe irun wọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ ẹ̀ kù síta. Akọ̀wé fipá wọ̀ ọ́, ó figbe ta. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù náà ni wọ́n ń ṣe lójú ayé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

"Ó ku aránṣọ," lẹnì kan wí.

Aránṣọ jáde láti yàrá ẹ̀yìn, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn ẹ̀. Ìyá mi ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá." Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ẹni tó júwe mi fún wọn. Ó jókòó, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, bàtà gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òṣèré tó ń ṣe ìránṣẹ́ ọba ló yẹ kó wọ bàtà fún un níwájú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fi èékánná ha awọ bàtà náà. Olùdarí kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín la máa lò. A ò gba ohùn sílẹ̀ níbí o, tí ikọ́ bá gbé yín, ẹ wúkọ́." Wọ́n gbé ẹ̀wù ìránṣẹ́ wọ̀ mí, ẹ̀wù tí ọmọ mi rán. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí.

Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì gun ìka tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe gbẹ́ ẹ sára igi. Mo dì í lẹ́sẹ̀ mú. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ìyá mi, mo ṣẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ló jẹ bàtà ọkọ ẹ, èmi pè é ní oníbékebèke."

Ó tẹjú mọ́ bàtà náà.

"Ẹ dúró!" olùdarí kígbe. "Ọwọ́ Bàbá ti bo bàtà náà. Ẹ tún un ṣe."

Mo bọ́ bàtà, mo tún un mú. "Mo ti gbẹ́ igi bàtà ìgbéyàwó ẹ, mi ò rán an. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ yìí." Omi kán sórí awọ funfun. Mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni àbí tiẹ̀.

"Omi ti bà á jẹ́! Ẹ nù ún. Ẹ tún un ṣe."

Ní ìgbà kẹta, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. "Dárí jì mí," ni mo rí sọ, mo sì wọ bàtà náà fún un. Kò fa ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Bàbá mi, ẹ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú," ó ní, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ kó irinṣẹ́ yín dání. Gìgísẹ̀ bàtà ọkọ mi ti tún jẹ."

"Ó dáa!" olùdarí pariwo. "A ti rí i gbà."

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó jókòó sórí àpótí iṣẹ́ mi, ó sunkún, ó sì bi mí bóyá ọmọ náà sanra. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, mo ti gé awọ gìgísẹ̀ méjì sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni méjèèjì wà fún: ọ̀kan fún ọjọ́ Àìkú, èkejì fún ìgbà tó bá tún jẹ.