Okùn Gìtá Ládé

Òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé Ọmọ́bọ́lá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kì í ṣe òórùn oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti gọ́tà tí ó máa ń gba àdúgbò wọn ní Ìkòsì bí òjò bá rọ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan se kọ́bọ̀ àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí a kò fọ̀. Ó gbé tòmátì tí ó rà ní Mile 12 kalẹ̀, ó di imú, ó sì wọ ilé ìdáná.

Desmond dúró nídìí sítóòfù nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ọmọrogùn ro nǹkan nínú ìkòkò tí Ọmọ́bọ́lá fi ń po ògì.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ fara balẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

"Kí ló fẹ́ jinná, Bọ̀ọ̀dá Desmond?"

"Strings ni. Mo ń se okùn gìtá."

Ọ̀rẹ́ Ládé, ọkọ rẹ̀, ni Desmond. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Ládé fi jọ lu orin rọ́ọ̀kì àti mẹ́táàlì nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kan ní Ketu, Desmond lórí gìtá, Ládé lórí béèsì, gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ibà kan dé, tí kò sì lọ títí ó fi mú Ládé dání. Nísinsìnyí ẹgbẹ́ náà fẹ́ padà sójú agbo. Wọ́n ti gba òde eré kan ní Ogudu fún ọ̀la, ọjọ́ Àìkú, wọn kò sì ní béèsì. Desmond ní òun ni yóò lù ú, kí ìyàwó olóògbé jọ̀wọ́ yọ̀ǹda gìtá Ládé fún àwọn pátápátá.

Ọmọ́bọ́lá rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó wá sílé, kí ó lù ú kí òun gbọ́. Bí ó bá bá etí òun mu, kí ó máa gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ ẹ́: kí ó má yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló ti fi gìtá náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì, kí ó tó lọ sọ́jà.

Ó yọjú wo inú ìkòkò. Okùn irin mẹ́rin ká jọ bí ekòló nínú omi tí ó rú bí èyí tí a fi ṣan ẹsẹ̀. Ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀. Àwọn nǹkan funfun pẹlẹbẹ kéékèèké sì ń yí po nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.

"Kí ni funfun yẹn?"

"Awọ ìka Ládé ni o!" Desmond rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yẹn kò pààrọ̀ okùn fún ọdún mẹ́rin. See dirt! Omi tí mo kọ́kọ́ dà nù gan-an tún wá burú jù, ó dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò."

"Ẹ dà á nù síbo?"

"Gọ́tà nìyẹn níta."

Ó fi fọ́ọ̀kì gbé okùn kan sókè, ó fi aṣọ ìnuwo nù ún, ó sì fi ọwọ́ kan náà bu búrẹ́dì jẹ. Ọmọ́bọ́lá pa sítóòfù.

"Mo ní kí ẹ má yí nǹkan kan padà."

"Kí ni mo yí padà? Mo kàn fọ̀ ọ́ ni. Steve Harris tó gbajúmọ̀ nídìí béèsì yẹn ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣeré ni wọ́n ń so okùn tuntun fún un!"

"Steve Harris ń lo okùn tí ara rẹ̀ tẹ́jú. Ìka ló sì fi ń lù ú, ìka méjì, bí ẹṣin tó ń sáré."

Desmond dẹ́kun jíjẹ, ó ń wò ó.

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọdún mọ́kànlá ni Ládé fi sọ̀rọ̀ àwọn tó ń lu béèsì fún Ọmọ́bọ́lá nídìí oúnjẹ. Òun kò fẹ́ràn ariwo náà. Ilé ìwé àwọn sístà ló lọ, orin tí ènìyàn lè kọ lórí ìjókòó ló mọ̀. Síbẹ̀ ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àwọn àna tí kò rí rí. Ládé ní Geezer Butler kì í tẹ̀ lé gìtá bí aláàárù. Ó ń bá a rìn, ó ń yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì ń pàdé rẹ̀ níwájú. Ó ní Geddy Lee ń fi ẹnu kọrin, ó ń fi ọwọ́ ta okùn, ó tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn mìíràn nílẹ̀, bí abiyamọ tó pọnmọ tó tún ń dáná. Bí ó bá wá kan Cliff Burton, ẹni tó mú kí béèsì sunkún bí gìtá, tí bọ́ọ̀sì ṣubú lù pa ní Sweden lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógún, Ládé á gbé ṣíbí sílẹ̀.

Desmond so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó sì fi wáyà so gìtá mọ́ ẹ̀rọ Ládé tó ń gbé ohùn sókè. Ó yọ píìkì kan, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, láti inú àpò.

"Lemmy náà lo píìkì lórí béèsì o," ó sọ kí Ọmọ́bọ́lá tó bi í.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ohùn náà ń dún ṣin-ín bí ṣíbí tó bọ́ sórí ilẹ̀ olókùúta. Ó sá lọ sókè, ó sá wá sísàlẹ̀, kò dúró níbì kan tó fún ohùn kan láti mí. Nígbà ayé Ládé, bí Ọmọ́bọ́lá bá ń gé ẹ̀fọ́, béèsì yóò gba abẹ́ ilẹ̀ wá bá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró. Nǹkan kan kò wá.

"Ó ń dán, àbí?"

"Ó mọ́," ni Ọmọ́bọ́lá wí.

"Mo sọ fún yín!" Ó ti ń fa àpò gìtá mọ́ra.

"Tú wọn."

"Kí ni?"

"Tú okùn wọ̀nyẹn. Ìwọ lo fọ̀ wọ́n, tìẹ ni wọ́n. Máa kó wọn lọ. Gìtá dúró." Láti ọjọ́ tí Ládé ti mú Desmond wálé, Ọmọ́bọ́lá kò pè é ní ìwọ rí.

"Ìyàwó wa! Kí ni mo fẹ́ fi okùn lásán ṣe, kí n sá aṣọ lé e? Ìdọ̀tí ni mo fọ̀ o. Ìdọ̀tí!"

"Mo rí i. Ó sì rí mi lára. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ilé mi ni."

"Ládé á fẹ́ kí wọ́n máa lù ú."

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, ìyẹn gan-an tún wá rí Ọmọ́bọ́lá lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé ẹnu tó ń jẹ búrẹ́dì yẹn ló sọ ọ́. Ó nawọ́ sí gìtá, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Desmond fi jókòó, tí ó ń tú okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ká wọn sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́nu ilẹ̀kùn ó yíjú padà.

"Kí ni ká wá fi ṣeré lọ́la báyìí?"

"Ẹ lọ ṣe é láìsí béèsì. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tí orin yín ṣófo, ẹ sọ fún wọn pé Ládé ti kú."