Òwú Télọ̀ Lára Jíìpù Bàbá Mi

Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn, tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ jíìpù, tí mo ń fi tépù ìwọnṣọ wọn nọ́ọ̀tì, á rò pé mo fẹ́ dá ṣòkòtò fún ọkọ̀ ni. Kí ni kí n ṣe? Télọ̀ ni mí. Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, n kò mọ sípánà. Sípánà mẹ́tàlá àti mẹ́rìnlá, ìbejì ni wọ́n lójú mi. Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo adìẹ tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.

"Ìwọ yìí," ó ní, "ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Télọ̀ ni mí."

"Ó hàn."

Ó wá béèrè ohun tó máa ń béèrè lójoojúmọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Ohun tó gbé mi dé abẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá mi ti gbàgbé orúkọ mi. Ó ti gbàgbé ti ìyàwó mi, ó ti gbàgbé àdúgbò tí à ń gbé. Ńṣe ni orí rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ń kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀: bí a bá jí láàárọ̀, yàrá kan tún ti ṣófo. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè. Dókítà ti sọ fún mi pé ìyẹn náà ò ní pẹ́ lọ. Ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fojú kan ara wọn, ẹ tètè ṣe é."

Tètè ṣe é! Orí òkè olókùúta ni Ìyá Òkè ń gbé, orúnkún rẹ̀ ò sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún méje. Mo gbé Bàbá sẹ́yìn alùpùpù lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìrìn, ó ní òun ti dé ibi iṣẹ́. Ìyá Òkè pè é lórí fóònù, ó tẹ́tí sí i, ó ní, "Obìnrin yìí ṣi nọ́ńbà pè," ó sì pa á. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gun òkè yẹn: jíìpù àtijọ́ tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ tò jọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ọgbà àwókù ọkọ̀, tó ń tú òkú mọ́tò palẹ̀. Egungun àwọn mọ́tò yẹn ló fi kan jíìpù yìí. Nísinsìnyí, jíìpù náà ti wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìnkùlé wa, aláǹgbá ló ń wà á.

Mo bá gba ọgbà àwókù lọ. Kò jìnnà sílé wa, òpópónà méjì péré. Àwọn ọkọ̀ tò lé ara wọn bí àwo tí wọn ò tíì fọ̀, ilẹ̀kùn lápá kan, dígí lápá kejì, koríko sì ti hù lórí ìjókòó awakọ̀. Ẹni tó ni ibẹ̀ báyìí ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọṣẹ́ bàbá mi ni nígbà kan, nígbà tó rí tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Lónìí, ikùn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á ti jókòó sínú ọ́fíìsì kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò, gbé owó ẹ sápò," ó ní. "Ohun tó o bá mú, rán ṣòkòtò kan fún mi. Àwọn télọ̀ yòókù ti ń sá fún mi."

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí tí wọ́n fi ń sá. Ṣòkòtò rẹ̀ kan lè bo jíìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Mo mú kabúrétọ̀, mo rán ṣòkòtò. Mo mú sítátà, mo rán ṣòkòtò. Mo mú rédíétọ̀, mo rán èyí tó ní àpò mẹ́rin. N kò rí ìdè irin tó ń mú rọ́bà omi mọ́ ẹnu rédíétọ̀ náà, mo wá a títí ọrùn ń dùn mí. Ni mo bá gé kákí, mo wé e mọ́ rọ́bà náà ní ìlọ́po mẹ́ta, mo fi òwú pupa rán an, ìrán alágbára tí mo máa ń rán sí ìdí ṣòkòtò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó má baà ya láwùjọ. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

"Ó dáa," ó ní. "Ó ku kọ́là."

Àfi bí olè ṣe dé. Ọjọ́ Sátidé tí mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kabúrétọ̀ ti lọ. Mo sáré lọ gba òmíràn, ó wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, sítátà lọ, kabúrétọ̀ sì tún bá a lọ. Mo pariwo, mo ṣépè, mo so agogo mọ́ géètì, mo ń fura sí gbogbo aládùúgbò. Lọ́jọ́ tí rédíétọ̀ lọ, mo jókòó sílẹ̀, mo di orí mú.

"Irú olè wo nìyí?" ìyàwó mi ní. "Wo àwọn nọ́ọ̀tì. Ó tò wọ́n sórí aṣọ, láti orí kékeré dórí ńlá. Olè tó ní ìwà tó báyìí, kó wá máa bá wa gbé."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òpè.

Nígbà tí mo padà sí ọgbà, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nàka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "O ríre o. Rédíétọ̀ kan wọlé lánàá, ó mọ́ tónítóní." Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e. Rọ́bà omi wà lára rẹ̀. Kákí wà lára rọ́bà. Òwú pupa wà lára kákí. Ẹ̀yin ará, kò sí télọ̀ tí kò mọ ìrán ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbé èyí wá?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ẹni tó bí i. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọ̀gá mi ni. Bàbá ẹ."

"Bàbá mi wo?"

"Mélòó lo ní? Bí aago méjìlá bá ti ń lù, á ti dé tòun ti wílíbárò, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Á ní, 'Ọmọṣẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé.' Mo kọ ọ́. Á ní, 'Ó dọ̀la.' Mo ní, 'Ó dọ̀la, ọ̀gá.'"

Aago méjìlá! Ìgbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ìyàwó mi wà níléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, tí a rò pé Bàbá ń sùn.

"Ẹ wá ń gbé e padà fún mi! Ẹ ń fi ẹran ara jíìpù mi gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi!"

Ẹnu Pẹ́lẹ́ńgẹ́ là sílẹ̀. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Mo rò pé ẹ jọ gbìmọ̀ ẹ̀ ni! Mo ní ọmọ gidi rè é, ó ń wáṣẹ́ fún bàbá ẹ̀ kọ́wọ́ ẹ̀ má dilẹ̀. Mo ti ń fi ẹ́ ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ mi. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ mọ́." Ó fa ìgbànú rẹ̀ sókè. "Ṣé kí n kó àwọn ṣòkòtò náà padà fún ẹ?"

"Kí n fi wọ́n ṣe kí ni, ẹ̀gbọ́n? Àgọ́?"

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé bí Bàbá bá tún dé, kó lé e padà.

"Èmi? Kí n lé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́?" Ó mi orí. "Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ ẹ̀, lé e."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkùnrin tí mo ń bá de bọ́tìnì láràárọ̀, ó ti de gbogbo bọ́tìnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ọrùn. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, ọwọ́ náà ló ń lọ fúnra rẹ̀, ó yọ tibí, ó tú tọ̀hún, bí ìgbà tí èmi bá ń tú ìrán tí kò gún. Ó ń súfèé. Mo ti múra láti pariwo. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo fara balẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi ṣéènì de bónẹ́ẹ̀tì, mo sì fi àgádágodo tì í. Bí aago méjìlá ti lù lọ́jọ́ kejì, Bàbá dúró síwájú ṣéènì yẹn tòun ti sípánà lọ́wọ́ títí aago méjì. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ti lé mi níṣẹ́," ó ní. Fún odidi ọjọ́ méjì, kò fẹnu kan oúnjẹ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọkọ̀ fa òkú mọ́tò kan wá fún un kó máa tú u. Ó wò ó, ó ní, "Èyí kì í ṣe tiwa," ó yí ojú padà. Ní ọjọ́ kẹta ló béèrè ìbéèrè rẹ̀. Kò sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi". Ohun tó sọ ni pé, "Obìnrin yẹn... ṣé ó ti jẹun?"

Yàrá tó kẹ́yìn ti ń ṣófo nìyẹn. Mo tú ṣéènì náà, mo sì sáré lọ bẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó wá bá mi to jíìpù jọ kí aago méjìlá tó lù.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dé pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó gbogbo ohun tí Bàbá ti tú padà síbi tó yẹ wọ́n, ó de táyà mọ́ jíìpù, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ìdè irin ti rọ́bà omi nìkan ni òun náà ò rí. Ó fọwọ́ tẹ kákí mi.

"Àbúrò, ṣé eléyìí máa dúró?"

"Ìdí yín ńkọ́, ṣé kò dúró?"

Ó pa bónẹ́ẹ̀tì dé.

Jíìpù sín lẹ́ẹ̀kan, ó sín lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ramúramù. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dẹ etí sí i. "Pulọ́ọ̀gì kẹta ò jó dáadáa," ó ní. A gba ọjà kọjá, a kọjú sókè. Òkúta ń fò lábẹ́ táyà, eyín mi ń lu ara wọn, àmọ́ jíìpù ń gùn ún! Bàbá fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. "Rọra tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi á ti máa wọ̀nà." Ẹ̀gbọ́n mi! Ó pè é! Mo pariwo ayọ̀ débi pé mo gbàgbé jíà.

Ibẹ̀ ni èéfín funfun ti bo gbogbo iwájú wa. Jíìpù ké, ó gbọ̀n, ó dákẹ́ ní àárín òkè.

Mo bẹ́ sílẹ̀. Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ Bàbá láti wá ohun tó ti tú. Bisikíìtì kan ni mo bá níbẹ̀, ó ti rún. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tí Bàbá tú. Òwú mi ló já. Ooru ti jó òwú pupa mi, rọ́bà ti yọ, gbogbo omi rédíétọ̀ ti ṣàn sórí òkúta. Ìdí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí omi, kò sí ilé kan nítòsí, n kò sì rí ẹni tí màá bínú sí mọ́.

"Ta ló ń dáná sójú ọ̀nà mi?"

Mo gbójú sókè. Ìyá Òkè ló ń bọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá méjì, ó ń fi ìdí wọ́ lórí òkúta tí orúnkún rẹ̀ ò gbà. "Mo gbọ́ ohùn jíìpù àbúrò mi," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó ké, ó sì dákẹ́. Ẹ fẹ́ kí n jókòó sílé?" Ó dúró níwájú Bàbá. Ó na ọwọ́ sí i.

Bàbá wò ó. Ó wò ó dáadáa. Ó tẹrí ba díẹ̀ bí oníṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́. "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ọkọ̀ yín ni? Ẹ má dààmú, a máa bá yín wò ó."

Mo ní, "Bàbá, Ẹ̀gbọ́n nìyí! Ìyá Òkè nìyí!"

"Ọmọ mi, fi í sílẹ̀," Ìyá Òkè ní. Ó rọra jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńpà. "Ẹ jọ̀wọ́ o, ọ̀gá. Ẹ bá mi wò ó."

Aago méjìlá ti kọjá. Bàbá yọ sípánà látinú báàgì irinṣẹ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi sínú ọkọ̀ fún wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìyá Òkè tẹ́ etí ìró rẹ̀ sílẹ̀, Bàbá sì ń ju nọ́ọ̀tì sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá," Ìyá Òkè ní, "ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní. Orí òkè yìí gan-an ló ń gbé. Tí mo bá parí tiyín, ibẹ̀ ni mò ń lọ." Ó nu iwájú orí. "Ẹ ò mọ̀ bóyá ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun," Ìyá Òkè ní.

"Ẹ ṣeun." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí mi láì wo ẹ̀yìn. "Mẹ́tàlá."

Mo gbé sípánà kan lé e lọ́wọ́. Ó fi kan nọ́ọ̀tì, ó yọ̀. Ó yí padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Mo ní mẹ́tàlá, o fún mi ní mẹ́rìnlá. Ṣé télọ̀ ni ẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," mo ní. Mo fún un ní mẹ́tàlá.