Fìlà Orí Táǹkì

"Ẹ̀gbọ́n Ṣítù, ó ti nọ́kì. Ẹ má wulẹ̀ tàn mí."

Orí alùpùpù tí ó ti dákẹ́ mọ́ ọn lábẹ́ ni Oyèwọlé wà tí ó fi sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà Kware nà gbọọrọ níwájú wọn, eruku ọyẹ́ sì ti bo Kofar Kware, ẹnubodè ìlú, mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ṣítù, mẹkáníìkì tí ó tún ẹ́ńjìnnì náà tò láti ìdí, sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí ó fi ń tẹ̀ lé e, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà.

"Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò gbóná jù. Ṣé o tẹná mọ́ ọn ni?"

"Èmi? Kẹ̀kẹ́ yín mà ń yà mí sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti jáde. Garba tó ń ta àlùbọ́sà fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá lára mi, ó ní, 'Likita, jakina ya fi wannan sauri.'"

Ṣítù rẹ́rìn-ín. "Kò purọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ yá jù ú lọ lónìí, bí mo sì ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Písítìn tuntun ni. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ilé tí mo fi í sí."

Ẹ̀rín kò wá sẹ́nu Oyèwọlé. Apòògùn ìjọba ni. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Kware, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ó kó lọ máa gbé níbẹ̀, nítorí pé alùpùpù àtijọ́ tí ó ń gùn ti kú. Kò sí yàrá tí ó lè gba ìyàwó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílé wọn ní Tudun Wada. Oyèwọlé bẹ ọ̀gá títí, ọ̀gá fi gbà pé bí alùpùpù náà tí Ṣítù ti tún ṣe bá lè gbé e dé Kware, tí ó sì gbé e padà kí oòrùn tó wọ̀, kí ó máa ti ilé rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó di ẹrù rẹ̀.

Wọ́n dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò kan títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Nígbà tí Ṣítù ta á jí, ó dáhùn, ó gbé Oyèwọlé rìn díẹ̀, ó wúkọ́, ó sì tún kú.

"Mo sọ fún yín," ni Oyèwọlé wí.

"Dákẹ́ ná." Ṣítù tẹ irin tí wọ́n fi ń ta á jí, ó tún un tẹ̀. "Wò ó. Bó bá ti nọ́kì ni, ǹ báà fi gbogbo ara gun irin yìí, kò ní mira. Bí ẹni tí ebi ń pa ló ṣe ń kú. Ṣé epo wà nínú táǹkì?"

"Ó kún. Ẹ̀yin náà lẹ bù ú sí i."

Ojú Oyèwọlé lọ sórí táǹkì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ìyàwó rẹ̀, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ, pè é sí ìta. "Bàbá ìkókó, mo ti dé e ní fìlà. Eruku ìlú yín yìí kò mọ ọmọ, kò mọ irin." Ìyá ti gé díẹ̀ lára rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìkókó, ó sì ti fi òwú dì í pinpin mọ́ ọmọrí táǹkì. Oyèwọlé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ta ni yóò tú ẹ̀bùn ìyá ìyàwó lójú ìyá ìyàwó?

Nísinsìnyí, àárín rọ́bà náà ti jìn wọnú. Oyèwọlé ti rí irú rẹ̀ rí, ní àwújẹ̀ àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara wọn gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé atẹ́gùn ń gba orí ọmọrí yìí wọlé?"

"Ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Bí atẹ́gùn kò bá wọlé, epo kò ní sọ̀..." Ṣítù wo fìlà náà, ó wo Oyèwọlé. "Mo rí i láàárọ̀."

"Ẹ rí i, ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ìyá dúró tì wá, wọ́n ń wo ojú mi. Mo yìn wọ́n."

"Èmi náà dọ̀bálẹ̀."

Ẹ̀rín wá pa àwọn méjèèjì. Oyèwọlé tú òwú náà, ó ká rọ́bà kúrò, táǹkì sì mí sínú, fììn, bí ẹni tí ó ti ń fi imú pamọ́ sábẹ́ omi. Ìgbà tí Ṣítù tún ta ẹ́ńjìnnì jí, kò wúkọ́ mọ́.

Wọ́n dé Kware jẹ́jẹ́, wọ́n sinmi, wọ́n sì padà jẹ́jẹ́. Ọ̀gá jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wo oòrùn tí kò tíì wọ̀, ó wo alùpùpù. "Ó dáa," ni ó wí. "Máa lọ sílé rẹ."

Ìyá ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní àgbàlá. "Ọkọ mi, o káàbọ̀. Fìlà ńkọ́? Ṣé ó dá eruku dúró?"

"Eruku kankan kò wọ̀ ọ́, Ìyá."

"Kí ni mo wí?"

Morẹ́nikẹ́, tí ó gbé ọmọ dání lẹ́nu ọ̀nà, rí òwú tí ó yọ jáde nínú àpò ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó sì gbójú sápá kan.

"Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, Ìyá," ni Oyèwọlé wí. "Ooru ń mú táǹkì lábẹ́ rọ́bà. Ẹ jọ̀ọ́, òwú tí ẹ fi hun fìlà ìkókó, ẹ bá mi fi hun òmíràn fún un, èyí tí atẹ́gùn lè gbà kọjá."

Ìyá ronú sí i. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọrí táǹkì, ó ń wọn orí rẹ̀. "Orí rẹ̀ kò tó ti ọmọ wa," ni ó wí. "Kò ní pẹ́ tán."

Morẹ́nikẹ́ gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù ọkọ rẹ̀ tí ó ti dì sílẹ̀ láti àná.