Ìrù Edé Ńlá

Oyèdìran ń fi álọ́ọ̀mù ra ìrù edé náà títí ọwọ́ fi ń ta á. Bí wọ́n ṣe ń fọ ìgbín nìyẹn. Kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Edé ńlá inú òkun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lọ́bísítà. Ìrù méjì ni Ayọ̀mídé ọmọ rẹ̀ dì sínú yìnyín ní Èkó, tó fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí ọrùn ọwọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ṣọlápé, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Láti ìgbà tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ ló ń dáná. Ẹran baálé tí Ṣọlápé máa ń yọ sọ́tọ̀ fún un kó tó bu ti ara rẹ̀, Oyèdìran kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Dókítà ní Òṣogbo ti sọ ọ́: bí kò bá jẹun títí di ọjọ́ Ajé, kó padà wá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ṣọlápé fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun lè tọ́ edé wò.

Fóònù dún.

"Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí ẹ fi sè é."

"Ẹran wo ló ń jinná ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Edé ni, Bàámi!"

"Mo ti gbọ́."

Ó pa fóònù. Ó ti ń se ohun tó ní ìkarahun kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ó ju ìrù kan sínú omi tó ń hó, ó dé e, ó lọ gbá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó padà, ó fi ọ̀bẹ gún un. Ó yi. Ó bu omi sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó bàjẹ́. Ṣọlápé rún un lẹ́nu, ó rún un, ó tu ú sọ́wọ́.

"Bàbá Ayọ̀mídé, bàtà ta lẹ sè?"

"Bí ìgbín ni mo ṣe sè é."

"Ẹ̀yin ará Ìlobù! Ará Ìfọ́n bíi tèmi ò lè se irú èyí láéláé."

"Ará Ìfọ́n wo ló rí òkun rí?"

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín. Oyèdìran kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn. Obìnrin náà di ògiri mú, ó dìde.

"Ẹ kúrò níbẹ̀."

Kò kúrò jìnnà. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, bóyá òòyì á kọ́ ọ. Ṣọlápé la ẹ̀yìn ìrù kejì, ó fi iyọ̀ àti ata ra á, ó gbé e sínú epo díẹ̀. Bí èèpo rẹ̀ ṣe pọ́n, ó sọ ìkòkò kalẹ̀.

"Ó ti jinná?"

"Ẹ lọ bá mi bu omi mímu wá."

Nígbà tó gbé omi dé, ìyàwó rẹ̀ ń lá ọwọ́. Èèpo nìkan ló wà nínú abọ́. Ó gbé omi kalẹ̀. Ó gbé ìkòkò, ó fẹ́ lọ fọ̀ ọ́, ó ṣí i.

Ìdajì ìrù edé ló kù nínú rẹ̀. Ṣọlápé ti fi àwo kékeré bò ó.