Sàṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Já Rí

Yunifásítì ló kọ́kọ́ mú mi dé Boribana, àdúgbò àwọn tálákà létí ọ̀sà. Lọ́dọọdún, bọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìlera àwùjọ a máa kó kíláàsì kan lọ sí etí ọ̀sà náà. A ó béèrè ọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn náà a ó fi sàṣẹ́ lé ìyá kan lọ́wọ́, àpò kékeré iyọ̀ òun ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ. A ó yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn fọ́tò, a ó gba sàṣẹ́ náà padà, a ó sì ṣàlàyé fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀ka wa ní, pé kíláàsì tó ń bọ̀ yóò lò ó.

Sùwéébátù ni ìyá inú fọ́tò tèmi. Seize sur vingt, mẹ́rìndínlógún nínú ogún, ni wọ́n fún mi fún iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn òjò ọdún yìí, ìyá mi gbọ́ ní ọjà Adjamé pé Fàìzà, ọmọ Sùwéébátù, ń ṣu, ó sì ń bì. Mo ti gboyè, n kò níṣẹ́. Mo ra sàṣẹ́ ní ilé oògùn, mo gbé omi ike dání, mo sáré lọ.

Sùwéébátù dí ẹnu ọ̀nà.

“Lúkmánì oníbéèrè. Èwo ni tòní? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo yàgbẹ́ lánàá?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá Fàìzà. Oògùn ni mo mú wá.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ fọ́tò yẹn pàápàá, ọmọ mi ń ṣu. Mo di sàṣẹ́ yín mú, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbà á padà.”

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ mi bí a ṣe ń ṣírò iye òkú. Wọn kò fi ọ̀sán kan kọ́ mi bí a ṣe ń bẹ ìyá tí a ti tàn jẹ.

Mo fi eyín já ẹnu sàṣẹ́ náà níwájú rẹ̀.

“O ti já a,” ó ní jẹ́jẹ́. Ó yẹ̀ fún mi.

Ojú Fàìzà ti jìn wọnú. Mo po oògùn náà, a gbé ọmọ wọ wórò-wórò, takisí àjọwọ̀, mo ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu.

“Ṣé ó ń wọlé?”

“Ó ń wọlé.”

Igun ẹnu rẹ̀ ni omi náà ń gbà ṣàn sí mi lápá.

A kò tíì dé ilé ìwòsàn tí ọmọ náà fi kú.

Sùwéébátù kò sunkún. Ó na àpò òfìfo náà lórí itan rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó sì nà án sí mi.

“Gbà. Kíláàsì tó ń bọ̀ yóò lò ó.”